Bí Ẹ́ńjìnnì Ṣe Kú Mọ́ Wa Lọ́wọ́ Lọ́nà Emùré

Láti ìgbà tí mo ti dé, kò sí ẹni tó pàdé mi ní Ṣakí tí kì í béèrè pé, "Èkìtì ti rí?" Kí n tó lanu, ojú wọn á ti lọ sára ọkọ̀ mi, wọ́n á sì fọwọ́ bo ẹnu. Ìròyìn ti ṣáájú mi délé. Ẹnì kan ní èmi àti ìyá mi sùn sínú igbó. Irọ́ ni. Ẹlòmíì ní mo ta ọkọ̀ náà sọ́nà, mo wọ bọ́ọ̀sì wálé. Irọ́ nìyẹn náà. Nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí ni mo ṣe jókòó láti kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ìyá mi ló ni ìrìn-àjò náà. Ọmọ Emùré ni wọ́n, ní gúúsù Èkìtì. Bàbá mi bá àwọn tó ń ṣe ọ̀nà lọ sí ọ̀hún nígbà èwe rẹ̀, ibẹ̀ ló ti rí wọn, ibẹ̀ ló sì ti mú wọn wá sí Òkè-Ògùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, àwọn ìbátan wọn kan sọ ọ́ sí wọn létí pé ọmọbìnrin tó bá fẹ́ ọkọ sí ìdálẹ̀, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn padà wálé, tòun ti ẹrù lórí. Àwọn tó sọ ọ̀rọ̀ náà ti kú tán. Ìyá mi kò gbàgbé.

Ọmọ ìyá kan ṣoṣo ló kù fún wọn níbẹ̀, àbúrò wọn obìnrin tí àwa ọmọ ń pè ní Màmá Emùré. Ó ti pẹ́ gan-an tí wọ́n ti fojú kanra. Fóònù ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n etí Màmá Emùré ti wúwo. Ìyá mi á máa pariwo lápá ibí, àbúrò wọn á máa pariwo lápá ọ̀hún, kò ní sí èyí tó gbọ́ ohun tí èkejì sọ. Bí wọ́n bá pa fóònù náà tán, ìyá mi á lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọn kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ títí oúnjẹ alẹ́.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí mo gbé ọkọ̀ dé láti Ìbàdàn, kí n tó pa á lẹ́nu ọ̀nà ni ìyá mi ti jáde. Wọ́n yí i po, wọ́n fọwọ́ pa á lára bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

"Àkànní," wọ́n ní, "èyí ni màá fi wọ Emùré. Má fi takisí gbé mi débẹ̀ o."

Ọkùnrin tó tà á fún mi ní tòkúnbọ̀ gidi ni, pé mẹkáníìkì Nàìjíríà kankan kò tíì ṣí i wò rí. Ó tan án létí mi. Ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹyẹlé. "Sà, ẹ fọwọ́ lé e," ló ní. Mo fọwọ́ lé e. Kí ni mo fẹ́ mọ̀ níbẹ̀? Olùkọ́ ìtàn ni mí ní ilé-ìwé girama. Ohun tó ti kú tán ni wọ́n kọ́ mi láti máa wò. Mo sanwó, mo dúpẹ́, mo tún gbàdúrà fún un.

*

Ìkẹ́rẹ́

Mi ò ní fi ìròyìn ọ̀nà dà yín láàmú. Láti Ṣakí títí tí a fi kọjá Àkúrẹ́, ọkọ̀ náà sáré bí ọmọ tó mọ̀ pé àlejò ń wo òun. Ìyá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di báàgì wọn mú, wọ́n ń ka orúkọ ìlú tó wà lára pátákó sókè. Bí a ṣe rí àwọn àpáta Ìkẹ́rẹ́ lókèèrè, wọ́n fi pátákó sílẹ̀, àpáta ni wọ́n ń wò. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ọ̀pá kékeré tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó ti gòkè dé òpin, tí èéfín funfun sì ń yọ lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì.

Mo wọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níwájú ilé kan tí wọ́n kùn ní ọ̀dà ofeefee. Kí n tó ṣílẹ̀kùn, èèyàn ti pé lé wa lórí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìwà àwọn èèyàn yìí fún yín. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, bí ọkọ̀ bá ń rú èéfín, omi la kọ́kọ́ ń sáré wá. Ní Ìkẹ́rẹ́, ìkíni ni. "Ẹ kú ọ̀sán o. Ẹ kú ìrìn. Ẹ kú ewu ọ̀nà. Àwọn ará ilé ńkọ́?" Ẹ́ńjìnnì mi ń hó bí ìkòkò ẹ̀kọ, baba arúgbó kan di ọwọ́ mi mú, ó ń béèrè àlàáfíà àwọn tí mo fi sílé. Mo dá a lóhùn pé wọ́n wà. Ó ní àwọn ọmọ ńkọ́? Mo ní wọ́n wà, sà, ẹ jọ̀ọ́, omi. Ó wo ojú mi bí ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé, ó ní, "Omi ń bọ̀. Ṣé a ò ní kíra wa ni?"

Obìnrin kan jáde láti inú ilé ofeefee náà, ó wọ ìró àti bùbá, ó fi gíláàsì sójú. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Màmá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìyá mi bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n sì kí i. Èdè tó jáde lẹ́nu wọn, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Ó yára, ó ń lọ sókè sódò, ohun tí mo dá mọ̀ nínú rẹ̀ kò ju ẹyọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ. Nílé, èdè Ṣakí ni wọ́n ń bá wa sọ, nítorí pé nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn aya ilé máa ń fi ohùn wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Màmá Tíṣà pa àtẹ́wọ́, ó fò mọ́ wọn. Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èmi dúró láàárín wọn bí òpó iná.

Màmá Tíṣà wò mí látòkè délẹ̀. "Ọmọ yín nìyí? Ṣé kì í gbọ́ ni?"

"Kò gbọ́," ìyá mi ní. "Ọ̀yọ́ ni."

Ìyá tó bí mi ló sọ bẹ́ẹ̀ o.

"Ẹ bọ́ sí ulé," Màmá Tíṣà ní. "Ọkọ̀ kì í sá lọ. Uyán ti wà lódó."

Ulé ni ilé, uyán ni iyán. Èyí ni mo kọ́kọ́ kọ́ nínú èdè wọn, nítorí òun ni wọ́n sọ jù. A jẹ iyán pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́. Ó dùn, mi ò ní parọ́. Ó funfun, ó rọ̀, ó ń fà láìsí kókó kan. Ṣùgbọ́n a tún jẹ ẹ́ lálẹ́, wọ́n sì tún gbé e wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo rọra béèrè bóyá búrẹ́dì wà nítòsí, Màmá Tíṣà yí sí ìyá mi, ó béèrè pẹ̀lú àníyàn bóyá ara ọmọ wọn kò yá.

Ẹni tí Màmá Tíṣà pè láti tún ọkọ̀ ṣe, Ẹnjiníà ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin afínjú ni, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ó wo inú rẹ̀, ó ní, "Kò sí wàhálà, sà. Gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ló jó. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ ti wà ní Emùré." Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ dé, ó ní àárọ̀ ọ̀la. Nígbà tí àárọ̀ ọ̀la dé, ó ti tú orí ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ lórí àpò sìmẹ́ńtì, òun fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Mo pè é lórí fóònù.

"Mo ti wà lọ́nà, sà. Mo ti ń wọlé báyìí."

Lẹ́yìn ohùn rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n ń kọ orin ìsìnkú, tí ohùn obìnrin kan sì ń ké ju tàwọn yòókù lọ. Àṣé ìlú Ìgbàrà-Odò ló wà, ó lọ sin bàbá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Inú bí mi débi pé mo jókòó sílẹ̀ níwájú orí ẹ́ńjìnnì náà, mo ń wò ó, òun náà ń wò mí.

Mo lọ bá ìyá mi. "Màmá, Emùré kò jìnnà mọ́. Ẹ jẹ́ kí n wá takisí tó máa gbé yín lọ. Èmi á máa bá ọkọ̀ bọ̀."

Wọ́n ń bá Màmá Tíṣà ṣa ẹ̀gúsí. Wọn kò gbójú sókè. "Kí ni mo sọ fún ọ nílé?"

*

Ọ̀nà Ìsẹ̀

Ẹnjiníà padà wá, ó to ẹ́ńjìnnì náà pọ̀, ó tan án, ó dún dáadáa. Ó na ọwọ́ sí i bí ẹni tó fi ìyàwó han ọkọ. Màmá Tíṣà di iyán sínú ewé fún wa, ó ní ọ̀nà lè gùn. Mo dúpẹ́. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Ọ̀nà tó lọ sí Ìsẹ̀ gba àárín oko kòkó kọjá. Igi bo ọ̀nà lórí níbòmíì, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, ó ń rùn bí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Ìyá mi sọ gíláàsì fèrèsé sílẹ̀, wọ́n gbé orin ìjọ sẹ́nu. Mo sọ fún ara mi pé ó ti parí. Mo tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá mo ti bínú sí ọkùnrin Ìbàdàn yẹn láìnídìí.

Ìgbà yẹn ni ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún lábẹ́ ọkọ̀. *Kó. Kó. Kó.*

Ìyá mi dá orin dúró. Wọ́n tẹ́tí. "Ta lí ń gún uyán?"

Mo dẹ ẹsẹ̀ lórí iná, ó ń dún. Mo tẹ̀ ẹ́, ó dún jù bẹ́ẹ̀ lọ. *Kókó-kókó-kókó.* A gun orí òkè kan, ohun kan já nínú rẹ̀ gbà-á, ọkọ̀ náà sì kú pátápátá. Kò sí èéfín mọ́, kò sí ariwo. Ẹyẹ nìkan ló ń ké.

Mo jáde, mo fi àtẹ́lẹwọ́ lu òrùlé rẹ̀. Mo tún un lù. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọkọ̀ náà, kò yẹ kí olùkọ́ sọ ọ́ níwájú ìyá rẹ̀. Ìyá mi jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú ewé iyán, wọ́n ní, "Wá jẹun."

Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń bọ̀ láti oko ẹ̀gẹ́ ló bá wa níbẹ̀. Wọ́n kí wa tán, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, wọ́n kó àdá wọn sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Mo wà nídìí ìdarí ọkọ̀, mo ń gbọ́ wọn lẹ́yìn tí wọ́n ń jiyàn lórí mi.

"Ọ̀yọ́ ni."

"Èmi ò jẹ́ Ọ̀yọ́," mo pariwo láti ojú fèrèsé. "Ṣakí ni mo ti wá!"

Wọ́n rò ó. Ẹnì kan wá ní, "Ọ̀yọ́ náà ni."

Wọ́n tì wá dé ọgbà mẹkáníìkì kan ní àbáwọlé Ìsẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ fún wọn ní nǹkan, èyí tó dàgbà jù nínú wọn bínú. Ó ní ṣé àwọn jọ alágbàṣe ni? Ó kó àdá rẹ̀, ó kí ìyá mi, kò kí mi.

*

Ọgbà mẹkáníìkì

Bàbá tó ni ọgbà náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó tú ọ́ọ̀lì inú ẹ́ńjìnnì náà sínú abọ́, ó gbé e sí oòrùn, ó ní kí n wò ó. Irin wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀, ó ń dán bí ìpẹ́ ẹja.

"Ẹ́ńjìnnì yín ti nọ́ọ̀kù," ó ní. "Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó tà á fún yín da nǹkan tó ki sínú rẹ̀, kó má baà pariwo. Nígbà tó sì tún gbóná yẹn, ó parí."

"Ṣé a lè tún un ṣe?"

"Ẹ lè sin ín." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ́ńjìnnì mìíràn lẹ máa rà. Mo lè ránṣẹ́ sí Àkúrẹ́."

Ó dárúkọ iye rẹ̀. Mo wá táyà kan jókòó lé. Owó tí mo fẹ́ fi kan òrùlé ilé mi ló dárúkọ yẹn, ilé tí ògiri rẹ̀ ti wà lábẹ́ òjò láti ọjọ́ tí gbogbo yín ti mọ̀ ọ́n. Mo pe ọkùnrin Ìbàdàn. Ó gbé e.

"Ẹ́ńjìnnì rẹ ti kú," mo ní.

"Háà! Sà! Ọkọ̀ tó dára báyẹn?" ó ní. "Ẹ fi sọ́wọ́ Ọlọ́run, sà." Ó sì pa á. Mo tún pè é, kò gbé e. Mo pè é títí ó fi pa fóònù rẹ̀ pátápátá. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, nọ́ńbà náà kò lọ mọ́. Nígbà tí mo yà sí ibi tó ti ń tajà lọ́jọ́ ìpadàbọ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan ló ń ta àwo ìjẹun níbẹ̀, kò sì mọ ẹni tí mo ń wí.

Mo ní kí mẹkáníìkì náà ránṣẹ́. Ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ọgbà. Ìyàwó rẹ̀ fún wa ní yàrá, kò jẹ́ ká sọ̀rọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ gbọ́ bí ìyá mi ṣe lo àkókò náà. Wọ́n ń gé ulá, ìyẹn ilá, pẹ̀lú obìnrin náà, wọ́n ń bá a jiyàn pé bí àwọn Ìsẹ̀ ṣe ń pe ọ̀rọ̀ kan kò dára tó bí àwọn Emùré ṣe ń pè é. Wọ́n sanra lójú mi. Oorun wọn dùn. Èmi ni mi ò lè sùn, èmi ni ọmọ ilé náà ń sáré tẹ̀lé kí n lè sọ̀rọ̀, kó lè máa rẹ́rìn-ín ohùn mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ara mi kò gbà á mọ́.

"Màmá, ẹ dìde. Bí èèyàn bá jókòó sínú takisí níhìn-ín, kó tó jẹ ẹ̀pà tán, ó ti dé Emùré. Kí la ń dúró dè?"

"Ọkọ̀ ọmọ mi ni mo ní màá fi wọ̀lú."

"Ọkọ̀ náà ti kú!"

"Ṣé wọn kì í gbé òkú wọ̀lú ni?"

Mo bínú jáde. Mo wà lẹ́bàá ọ̀nà níbi tí mo ti ń bá ara mi sọ̀rọ̀ nígbà tí fóònù mi dún. Bọ́sẹ̀ ni, ọmọ Màmá Emùré, tó ń tọ́jú wọn.

"Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún Màmá?" "Láti ọjọ́ tí ẹ ní ẹ ń bọ̀ ni wọ́n ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní ọkọ̀ yín bàjẹ́. Wọ́n ní àwọn mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn ti kú, pé a ń fi ọkọ̀ bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Wọn ò jẹun o, Bùọ̀dá. Láti àná ni wọn ò ti jẹun."

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é. Bí èèyàn bá kú sọ́nà jíjìn, a kì í là á mọ́ àgbàlagbà lórí. A ó ní ọkọ̀ bàjẹ́. A ó ní ara rẹ̀ kò yá díẹ̀, dókítà ní kó sinmi. A ó máa sún un lọ́jọ́ sí ọjọ́. Màmá Emùré ti dàgbà tó láti mọ gbogbo ọgbọ́n yẹn.

Mo sáré wọlé, mo gbé fóònù fún ìyá mi. Wọ́n pariwo orúkọ àbúrò wọn sínú rẹ̀. Wọ́n pè é lórúkọ, wọ́n pè é ní oríkì, wọ́n ní, "Èmi rè é! Èmi rè é!" Lápá ọ̀hún, ohùn arúgbó kan ń sunkún, ó ń bi Bọ́sẹ̀ pé ta ló ń fi ohùn ẹ̀gbọ́n òun ṣeré yẹn.

Ìyá mi gbé fóònù náà sílẹ̀. Wọ́n mú ọ̀bẹ ilá kúrò lórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n dìde, wọ́n tún gèlè wọn wé.

"Àkànní, pe takisí wá."

"Màmá, ọkọ̀..."

"Mo ní o pe takisí!"

Mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn láti Ìkẹ́rẹ́. Nígbà tó dé, kò dùn mọ́ mi nínú rárá.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń wá takisí lójú ọ̀nà nígbà tí ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan yà wọ inú ọgbà, àpò kòkó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ Bọ́sẹ̀ ló ń wà á. Ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí mo ṣe rí iwájú orí rẹ̀, mo mọ ọmọ ìyá ta ni. Màmá Emùré kò dúró kó bá wọn ṣílẹ̀kùn. Wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n gba àárín táyà àti irin tó fọ́n ká kọjá, ìró wọn ń wọ́lẹ̀ nínú ọ́ọ̀lì. Ìyá mi jáde láti ẹ̀yìnkùlé.

Màmá Emùré dúró. Wọ́n rìn sún mọ́ ẹ̀gbọ́n wọn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń sún mọ́ ẹyẹ. Wọ́n fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kúnlẹ̀, pẹ̀lú orúnkún arúgbó yẹn, sínú ẹrẹ̀ dúdú náà, wọ́n kí ẹ̀gbọ́n wọn bí àbúrò ṣe ń kí ẹ̀gbọ́n. Ìyá mi fà wọ́n dìde, wọn kò lè fà wọ́n tán, àwọn méjèèjì sì jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń sunkún. Mẹkáníìkì náà yí ojú sí ògiri. Èmi náà wá nǹkan wò lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì.

Màmá Emùré ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n ń fi ọwọ́ gbá ìyá mi lápá, kò le, ṣùgbọ́n wọn ò dáwọ́ dúró. "Torí ọkọ̀? Torí ọkọ̀ lẹ fi ń pa mí?"

Ìyá mi fi ẹnu sí etí wọn, wọ́n pariwo gbogbo rẹ̀ síbẹ̀: ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ilé sọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìdálẹ̀, ẹrù lórí, gbogbo rẹ̀. Màmá Emùré gbọ́. Wọ́n nu ojú wọn. Wọ́n wo ọkọ̀ mi níbi tó wà, bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí ẹnu ẹni tó ń sunkún.

"Èyí ni ọkọ̀ náà?"

"Òun ni."

"Ṣé táyà rẹ̀ ń yí?"

Mẹkáníìkì ní ó ń yí.

Màmá Emùré kọjú sí ọkọ ọmọ wọn. "Wá okùn."

*

Emùré

Mo bẹ̀ wọ́n. Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí mi. Mo ní ẹ jẹ́ ká jọ wọ píkọ́ọ̀pù náà, àyè wà níwájú. Wọ́n ti jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ mi, àwọn méjèèjì, ọwọ́ wọn wọnú ara, gèlè wọn dúró ṣánṣán. Mẹkáníìkì náà fi okùn so wá mọ́ ìdí píkọ́ọ̀pù, ó sì sọ fún mi pé búrékì máa le, kí n máa tẹ̀ ẹ́ gan-an. Ó ti jẹ́ kó yé mi pé Emùré ni òun á gbé ẹ́ńjìnnì tuntun wá bá mi. Ó fẹ́ kí a máa lọ ni, mo rò ó bẹ́ẹ̀.

Kò sí ohun tó ń tini lójú tó kí èèyàn di ìdarí ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì mú. Mi ò gbọ́ nǹkan kan àfi táyà àti ohùn àwọn ìyá méjì lẹ́yìn mi. Òógùn bò mí. Bí píkọ́ọ̀pù bá dẹ ẹsẹ̀, mo fi gbogbo ara tẹ búrékì kí n má baà wọ inú àpò kòkó. Wọn kò kíyè sí mi rárá.

Nígbà tí a wọ Emùré, oòrùn ṣì wà lókè dáadáa, àwọn èèyàn jókòó níta. Ìyá mi sọ gíláàsì sílẹ̀.

"Àkànní, tẹ fèrè."

"Màmá..."

"Tẹ̀ ẹ́!"

Mo tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ṣì ń ṣiṣẹ́. Àwọn èèyàn yíjú, wọ́n dìde. Màmá Emùré yọ orí lójú fèrèsé kejì, wọ́n ń pariwo orúkọ ìyá mi fún gbogbo ilé tí a ń kọjá, wọ́n ń sọ ilé tó bí wọn, wọ́n ń nawọ́ sí ẹ̀yìn orí mi pé ọmọ wọn nìyí, ọkọ̀ rẹ̀ nìyí. Àwọn arúgbó ń juwọ́. Obìnrin kan ń sáré tẹ̀lé wa, ó ń kọrin. Ìyá mi ń fi orí dáhùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ọkùnrin kan tó jókòó síwájú ilé rẹ̀ wo okùn náà, ó wo píkọ́ọ̀pù, ó pariwo pé, "Màmá, ẹ́ńjìnnì ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀ lẹ́yìn!" ìyá mi ní.

*

Ìpadàbọ̀

Ẹ́ńjìnnì náà bọ̀ lẹ́yìn lóòótọ́. Ó pẹ́, ó sì gbọ́n owó òrùlé mi nù pátá. Ẹ ṣì ń rí ògiri náà bí ẹ bá ń kọjá, ẹ má bi mí léèrè mọ́. Mẹkáníìkì Ìsẹ̀ wá fi sí i lábẹ́ igi òro tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Màmá Emùré. Ó tan án. Mo tẹ́tí sí i fún ìgbà pípẹ́ bí ẹni ń gbọ́ èémí ọmọ àìsàn. Kò sí *kó*.

Mo di ẹrù mi sínú rẹ̀. Mo lọ bá ìyá mi ní ẹ̀yìnkùlé, mo ní ọkọ̀ ti ṣetán.

"Ó dáa," wọ́n ní. "Máa rọra wà á."

Mo ní, "Ẹ̀yin ńkọ́?"

Wọ́n wò mí bí ìgbà tí mo wà ní kékeré, tí mo bá béèrè ohun tó ti yé gbogbo ayé. "Èmi ńkọ́ báwo? Mi ò tíì gbọ́ ìdajì ohun tí mo wá gbọ́. Tí mo bá fẹ́ máa bọ̀, màá ránṣẹ́."

Mo jiyàn. Mo ní oògùn wọn ńkọ́, ìjọ ńkọ́, àwọn ọmọ ọmọ wọn ńkọ́. Wọ́n dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n èdè ibẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́, wọn kò sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Bọ́sẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé kí ni wọ́n sọ. Ó ní wọ́n ní kí n wá jẹun kí n tó lọ.

Iyán ni. Mo jẹ ẹ́.

Nígbà tí mo gbé ọkọ̀ jáde lábẹ́ igi, àwọn méjèèjì wà lórí àpótí níwájú ilé, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ìyá mi ń pariwo nǹkan sí etí àbúrò wọn, Màmá Emùré ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe ṣẹlẹ̀. Mo tẹ fèrè. Mo dúró, mo tún un tẹ̀. Wọn kò gbójú sókè.